Aláàmù Tó Ń Fi Sím Ṣiṣẹ́: Ọ̀rọ̀ fún Ẹ̀yin Tẹ́ Ẹ Ti Rà Á àti Ẹ̀yin Tẹ́ Ẹ Fẹ́ Rà Á

 

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yìí, ó tó èèyàn mẹ́jọ tó pè wá nípa aláàmù tó ń fi sím ṣiṣẹ́. Ìyá kan fẹ́ fi sí ṣọ́ọ̀bù, bàbá kan tó ń ra kòkó fẹ́ fi sí ilé ìkẹ́rù wọn, pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ wa kan ní Ondó ní ká sọ iye tí a ra tiwa. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi wá: ṣé ó dáa? Ìdáhùn wa ò ṣe é sọ tán lórí fóònù, ìdí nìyí tí a fi jókòó kọ ọ́. Ó gùn o. Ẹni tó bá ń kánjú, kó tọ́jú ẹ̀, kó wá kà á lálẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́, torí àwọn kan rò pé idán ni. Àpótí kékeré kan ni, kò ju Bíbélì ńlá lọ. Wọ́n á lẹ mágínẹ́ẹ̀tì mọ́ ilẹ̀kùn àti fèrèsé, wọ́n á sì fi ohun kan tó dà bí ojú sí igun ilé, tó máa ń mọ̀ bí nǹkan tó lóoru lára bá ń kọjá. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, tàbí tí ojú yẹn bá rí ìrìn, ẹ̀rọ á ké. Sím tó wà nínú ẹ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn nọ́mbà tẹ́ ẹ kọ sí i, lọ́kọ̀ọ̀kan, á tún fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Ó tán. Gbogbo agbára ẹ̀ wà lọ́wọ́ sím yẹn, agbára sím sì wà lọ́wọ́ òpó máàstì.

Lókè òkun, ní ọ̀pọ̀ ilé, sím kọ́ ni ọ̀nà àkọ́kọ́. Wáyà tẹlifóònù ilé tàbí okùn íntánẹ́ẹ̀tì ni aláàmù ń gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbowó oṣù láti máa ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru. Sím wà níbẹ̀ bíi táyà sípíà nínú bùùtù: bí olè bá gé wáyà, sím á gbà á ṣe. Ní ọ̀dọ̀ tiwa ńkọ́? Tẹlifóònù NITEL ti di ìtàn, ọ̀pọ̀ ilé ní ìlú wa ò tiẹ̀ fojú rí i rí. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2001 tí GSM ti dé Nàìjíríà, òun nìkan ni ọ̀nà tí a mọ̀. Nítorí náà, táyà sípíà gan-an ni a gbé wọ ọkọ̀ láti ilé. Bó bá jò, kò sí òmíràn nínú bùùtù.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ní òru ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú òjò tó kọjá, iná ti lọ láti àárọ̀, òjò ńlá sì bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago mọ́kànlá. Lẹ́yìn aago méjì, àwọn ọkùnrin mẹ́ta já fèrèsé ẹ̀yìn wọlé. Ẹ̀rọ ò sùn: ó rí wọn, ó ké. Àmọ́ òjò tó ń lu páánù pọ̀ ju ohùn ẹ̀ lọ, ilé tó sún mọ́ wa jù ò gbọ́ nǹkan kan. Bàbá ọdẹ wa, tí yàrá wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ló gbọ́. Bàbá jáde, Bàbá tan tọ́ọ̀ṣì sí àwọn olè náà lójú, Bàbá ń pariwo, Bàbá ò sì padà sẹ́yìn. Àwọn ọmọ yẹn lu Bàbá, wọ́n fi wáyà máíkì wa de Bàbá mọ́ òpó. Wọ́n gbé kíbọ́ọ̀dù, ampilifáyà méjì àti bátìrì inverter mẹ́rin lọ.

Nọ́mbà márùn-ún ló wà nínú ẹ̀rọ yẹn: tiwa, ti ìyá ìjọ, ti díákónì méjì, àti ti ọ̀dọ́kùnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ orin. Kò sí èyí tó dún. Arábìnrin tó máa ń wá gbálẹ̀ kí àdúrà òwúrọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ló bá Bàbá níbẹ̀ ní aago márùn-ún ààbọ̀. A ti ń gbé Bàbá sínú ọkọ̀, ó ku díẹ̀ kí aago mẹ́fà lù, ni fóònù gbogbo wa bá dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àtẹ̀jíṣẹ́ aláàmù ni. Ó ń sọ fún wa pé olè wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní ilé ìwòsàn, ohun àkọ́kọ́ tí Bàbá bi wá ni pé, "Pásítọ̀, ṣé ẹ ò gbọ́ ni?"

Bàbá ṣàlàyé pé nígbà tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ọkàn àwọn balẹ̀. Àwọn ti mọ̀ pé fóònù wa ń dún nílé, pé a ti wà lọ́nà. Ìdí nìyẹn tí àwọn fi dúró de olè, tí àwọn ń fi ariwo dá wọn dúró kí wọ́n má tètè lọ ká tó dé. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin! Ògo ni fún Ọlọ́run, Bàbá ti ń jẹun, wọ́n ti ń rìn, àmọ́ ìka méjì ní ọwọ́ òsì ò tíì ká dáadáa.

Ẹ dúró lórí ọ̀rọ̀ yẹn díẹ̀. Ká ní kò sí aláàmù kankan nínú ilé ọ̀hún, Bàbá ì bá ti sá lọ jí aládùúgbò. Ẹ̀rọ ló sọ fún wọn pé ìrànlọ́wọ́ ń bọ̀. Aláàmù tí kò dáni lójú máa ń fún èèyàn ní ìgboyà tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tó wà nílé náà ńkọ́? Fóònù tó dákẹ́ ní aago méjì òru, kò sí bí ẹni tó ń sùn ṣe máa mọ̀ bóyá àlàáfíà ló mú un dákẹ́ àbí ọ̀nà ló dí. Ìdákẹ́ méjèèjì jọra, bí ìbejì.

Kí ló wá fa ìdádúró yẹn? A lọ bi àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀, a ò kàn fẹ́ máa bú ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lásán. (A bú wọn díẹ̀, ká má parọ́.) Òpó máàstì ń jẹ iná. Nígbà tí kò bá sí iná ìjọba, bátìrì àti jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé e ró, jẹnẹrétọ̀ ń mu díísẹ̀lì, díísẹ̀lì sì nílò ẹni tó máa gbé e wá. Bí bátìrì òpó bá ti gbó, tàbí tí olè ti jí i gbé, torí wọ́n ń jí tòun náà, òpó á kú, gbogbo fóònù tó wà lábẹ́ ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì kiri. Ìpè tí kò bá rí ọ̀nà gbà, ó kú nìyẹn, kò ní jíǹde. Àtẹ̀jíṣẹ́ ní tiẹ̀ dà bíi lẹ́tà: bí ẹni tó kọ ọ́ ò bá rójú ọ̀nà, ẹ̀rọ á dì í mú, á máa gbìyànjú, bó bá sì dé ibùdó wọn tí fóònù tiyín ò sí lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ibẹ̀ náà ni yóò jókòó sí títí tí fóònù yín á fi jí. Kò sọnù. Ó dé. Àmọ́ ó dé lẹ́yìn ìsìnkú.

Ẹni tó bá wa ṣe ẹ̀rọ náà ní kò sí wàhálà, ká fi sím kejì sí i láti ilé-iṣẹ́ mìíràn. Ọ̀pọ̀ yín ni wọ́n máa sọ irú ẹ̀ fún. Ẹ má tíì sanwó. Ọ̀pọ̀ òpó tẹ́ ẹ ń rí lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ondó, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń ra káàdì wọn ló ni ín mọ́. Ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ló ni òpó, tó ń fi í háyà fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì tàbí mẹ́ta papọ̀. Nítorí náà ẹ lè ní sím méjì, àwọ̀ méjì, orúkọ méjì, kó jẹ́ orí òpó kan náà ni méjèèjì gùn, díísẹ̀lì kan náà ni wọ́n jọ ń mu. Ọjọ́ tí òpó yẹn bá kú, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ló ń lọ. Ohun tí a ṣe ni pé a kó fóònù mẹ́ta tó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì mẹ́ta sórí tábìlì ní òru tí iná ti lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, a ń wò wọ́n. Méjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì jọ padà. Ẹ̀kẹta ò lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlà kan péré ló ní. Ìlà kan yẹn la mú. Lọ́sàn-án, òun ni gbogbo wa máa ń pè ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì burúkú.

Òpó nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà o. Láti òpó, okùn fáíbà ló ń gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ìlú ńlá, àwọn kátapílà tó ń ṣe títì sì máa ń hú u dànù. Ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 2024, okùn MTN já ní ibi púpọ̀, àwọn fúnra wọn ló kéde ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní Nàìjíríà ò lè pe ẹnikẹ́ni fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀, ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta, okùn mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun kọjá, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ lẹ́bàá etíkun Ivory Coast. Ẹ rántí bí báńkì ṣe rí lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó ń fi dátà wo kámẹ́rà ilé ẹ̀ láti London, kí ló rí lọ́jọ́ yẹn?

Ó tún ku sím fúnra ẹ̀. Èyí pa wá lẹ́rìn-ín, ó sì dẹ́rù bà wá. Lábẹ́ òfin àjọ NCC, bí sím kan bá lo oṣù mẹ́fà láìṣe nǹkan tó mówó wọlé, wọ́n lè tì í. Bí oṣù mẹ́fà mìíràn bá tún kọjá, wọ́n lè gbé nọ́mbà náà fún ẹlòmíràn. Ẹ wò ó: aláàmù ilé tí olè ò wá rí, tí ò ké rí, òun ni sím ẹ̀ máa kọ́kọ́ kú. Ní ọdún 2024 tí wọ́n ń ti sím tí kò so mọ́ NIN, àwọn kan ní Àkúrẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé orúkọ ẹni tó bá wọn fi aláàmù sílé ni sím inú ẹ̀ ń jẹ́. Káàdì ńkọ́? Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 tí NCC ti fọwọ́ sí àfikún tó tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, àtẹ̀jíṣẹ́ kan ti kúrò ní ₦4, ó ti di ₦6. Kì í ṣe owó ńlá. Àmọ́ sím tó wà lára ògiri ò lẹ́nu láti fi sọ fún yín pé káàdì ti tán.

Àwọn ará wa ní Amẹ́ríkà, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwa tálákà nìkan nìyí. Ní ọjọ́ 22 oṣù kejì ọdún 2022 tí AT&T pa 3G wọn, àwọn ilé-iṣẹ́ aláàmù ti bẹ ìjọba ṣáájú pé kí wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú, torí aláàmù tó wà lára ògiri ọ̀pọ̀ ilé, 3G ló gbọ́ràn sí. Ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń yọ wáyà tẹlifóònù àtijọ́ kúrò, oṣù kìíní ọdún 2027 ni wọ́n dá pé kó parí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìyá tàbí bàbá àgbà níbẹ̀, tí wọ́n ń so bọ́tìnnì ìpè pàjáwìrì mọ́rùn, ẹ lọ bèèrè bóyá ẹ̀rọ wọn ti kọjá sórí ọ̀nà tuntun. Nílé níbí, púpọ̀ nínú aláàmù olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà lọ́jà, 2G nìkan ló mọ̀. Ẹ bi ẹni tó ń tà á.

Àwọn kan ti sọ fún wa pé, "Dádì, ìgbàgbọ́ dà?" Wọ́n tiẹ̀ ń fi orúkọ ìlú wa dá wa lóhùn: Bọ́lọ́rundúró. Wọ́n ní ẹni tó bá Ọlọ́run dúró, kí ló fẹ́ fi aláàmù ṣe? Ẹ lọ ka Nehemáyà orí kẹrin. Ọkùnrin yẹn gbàdúrà, ó sì fi àwọn ẹ̀ṣọ́ sójú iṣẹ́ tọ̀sán-tòru, nínú ẹsẹ kan náà. Ohun tó tún wọ̀ wá lọ́kàn níbẹ̀ ni ẹni tó ń fọn fèrè. Ẹ̀gbẹ́ Nehemáyà gan-an ló dúró sí, ó sì ti sọ fún gbogbo èèyàn pé ibi tí wọ́n bá ti gbọ́ ìró fèrè ni kí wọ́n sáré wá. Fèrè tiwa, ohùn ẹ̀ gbọ́dọ̀ gun òpó, kó wọ okùn abẹ́ ilẹ̀, kó lọ sí ìlú ńlá, kó tún padà, kó tó jí ẹni tó ń sùn ní òdìkejì títì. Nehemáyà ò ran afọnfèrè ẹ̀ lọ sí Samáríà.

Àwa pásítọ̀ ní ìpínlẹ̀ yìí ò sì gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ ààbò ṣeré mọ́. Ọjọ́ Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì ni wọ́n wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀, ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, tí wọ́n pa èèyàn bí ogójì níwájú Ọlọ́run wọn. Nínú oṣù yẹn náà ni Gómìnà Akérédolú, olóògbé, fọwọ́ sí àṣẹ pé kí àwọn ibi tí èrò ń pé jọ sí, títí kan ilé ìjọsìn, fi kámẹ́rà CCTV síbẹ̀. A fi tiwa sí i, ó sì dáa. Kámẹ́rà máa ń rántí. Ó rántí ojú ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó wá sí ọ̀dọ̀ wa, a sì ti kó o fún ọlọ́pàá. Àmọ́ kámẹ́rà ò lè pe ẹnikẹ́ni ju bí aláàmù ṣe lè pè é lọ. Ẹlẹ́rìí ni, ẹlẹ́rìí kì í gbani.

Kí la wá ṣe? Ẹ rántí àwọn ọdẹ àdúgbò nígbà tí a wà lọ́mọdé, bí wọ́n ṣe máa ń fi irin lu òpó iná lóròòru. Gan-an, gan-an. Bó bá lu ẹ̀ẹ̀mejì, a mọ̀ pé aago méjì ni, a sì tún mọ̀ pé ọdẹ ò sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí a ò gbọ́ ọ, àwọn bàbá wa á lọ wò ó ní yàrá ẹ̀. Wọn kì í dúró dìgbà tí olè bá dé kí wọ́n tó mọ̀ pé ọdẹ ò sí lẹ́nu iṣẹ́. Ọgbọ́n yẹn náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ aláàmù ńlá ń lò: ẹ̀rọ á máa fi àmì ránṣẹ́ láti ìgbà dé ìgbà pé òun wà láàyè, bí àmì ò bá dé lásìkò, ìdákẹ́ yẹn gan-an ni wọ́n kà sí aláàmù.

Nítorí náà, aago mẹ́sàn-án alaalẹ́ àti aago kan òru, ẹ̀rọ wa gbọ́dọ̀ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹni méjì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru ọjọ́ náà. Nínú àwọn ọ̀dọ́ ni, wọ́n ń pín in ṣe, wọn ò sì gba kọ́bọ̀. Bó bá di ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí kò dé, ọ̀kan á pe ẹ̀rọ. Bí kò bá lọ, àwọn méjèèjì á jọ rìn dé ibẹ̀ pẹ̀lú fìtílà, wọn kì í dá lọ. Owó àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn náà ló ń jẹ́ kí sím wà láàyè. A gbé sáírìn kejì sí abẹ́ àjà níta, ó kọjú sí àwọn ilé, ó ní bátìrì tiẹ̀. A sì gbé agogo irin padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá Bàbá. Àwọn ilé mẹ́fà tó yí wa ká ti gbà pé tí agogo yẹn bá dún lóru, àwọn á tan iná, àwọn á sì pariwo láti ojú fèrèsé, kí ẹnikẹ́ni má jáde nìkan. Bàbá náà ti gbà, lẹ́yìn àríyànjiyàn gígùn, pé àwọn á lu agogo, àwọn á sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Wọ́n ní ìwà ojo ni. A ní ká jọ máa ṣojo.

Nínú oṣù mẹ́ta tí a ti ń ṣe é, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni àmì ò dé lásìkò. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ẹ̀ẹ̀kan, eku jẹ wáyà. Ẹ̀ẹ̀kan, ẹni tó ń gbálẹ̀ yọ ọ́ nídìí iná kó lè fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ kọ́yà.

Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó rà á, kó kọ́kọ́ ṣe ìdánwò fóònù mẹ́ta yẹn nílé ẹ̀, kó sì wá aládùúgbò méjì tó máa gbọ́ ariwo ẹ̀ kó tó wá nọ́mbà tó máa kọ sí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí: àdúgbò yín, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń dúró tì yín lóru nígbà tí òjò bá ń rọ̀ tí iná ò sì sí, àti èyí tó máa ń kọ́kọ́ lọ. Ti Ondó, ti Owénà, ti Àkúrẹ́, gbogbo ẹ̀ la fẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ wa á kó o jọ sórí ìwé kan, a ó sì gbé e síbí lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ lẹ́yìn ìsìn.